Àgbéyẹ̀wò: ohun tí ìnṣọ́ránsì comprehensive mi san nígbà tí kẹ̀kẹ́ Márúwá ha ọkọ̀ mi

Bí ó bá jẹ́ pé nítorí ọ̀dà ọkọ̀ yín ni ẹ ṣe fẹ́ ra ìnṣọ́ránsì comprehensive (èyí tó ń san àtúnṣe ọkọ̀ ẹni fúnra ẹni) ní Èkó, ẹ ka àdéhùn yín dáadáa kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Mo ra tèmi fún Corolla mi, mo sì ti béèrè owó lórí rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ náà ha. Wọ́n sanwó. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n san àti ohun tí ẹni tó tà á fún mi fẹnu sọ kò jọra rárá.

Ojúẹlẹ́gbà ló ti ṣẹlẹ̀, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ìrọ̀lẹ́. Kẹ̀kẹ́ Márúwá kan fẹ́ gba àárín èmi àti danfo kọjá, irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì fa ilẹ̀kùn ẹ̀yìn mi títí dé bọ́ńpà. Ilẹ̀kùn ò tẹ̀ wọnú, iná ò fọ́, ọkọ̀ ń lọ geere. Ọ̀dà ló bọ́, ojú kan sì wà lórí ilẹ̀kùn tí irin ti ń dán. Kí n tó sọ̀ kalẹ̀, ọmọkùnrin tó wa kẹ̀kẹ́ ti dọ̀bálẹ̀: “Ẹ ṣàánú mi, ẹ̀gbọ́n, mo ṣì ń san gbèsè kẹ̀kẹ́ yìí lọ́wọ́ ni.” Àwọn èrò bá a bẹ̀. Ẹni tó bá mọ Èkó mọ̀ pé ibẹ̀ ni ẹjọ́ máa ń parí sí.

Ní ti òfin, kò yẹ kó parí síbẹ̀. Láti oṣù January 2023 ni NAICOM, àjọ ìjọba tó ń bójú tó iṣẹ́ adójútòfò, ti fi third party kẹ̀kẹ́, ìyẹn ìnṣọ́ránsì tó ń san ohun tí èèyàn bá bàjẹ́ fún ẹlòmíràn, sí ₦5,000 lọ́dún, àdéhùn náà sì lè san tó mílíọ̀nù méjì náírà lórí dúkìá ẹlòmíràn tó bá bàjẹ́. ₦15,000 ni ti ọkọ̀ ara ẹni, tòun dé mílíọ̀nù mẹ́ta. Mo tẹ nọ́ńbà kẹ̀kẹ́ náà sórí askNIID, ìkànnì tí a fi ń mọ̀ bóyá ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ jẹ́ ojúlówó, kò sí níbẹ̀. Òógùn ojú rẹ̀ ni ọmọ náà fi ra ìwé ìnṣọ́ránsì tó mú jáde fún mi, ìwé náà kò sì lè gbà á lọ́jọ́ kankan. Inú bí mi nítorí tirẹ̀ náà.

Ni mo bá kọjú sí àwọn tèmi. WhatsApp ni mo fi fi fọ́tò ránṣẹ́. Wọn ò ní kí n lọ gba ìwé lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, torí pé kò sẹ́ni tó fara pa, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn gidi fún ìyẹn. Fọ́ọ̀mù, láísẹ́ńsì, ìwé ọkọ̀ àti iye tí péńtà bá pè é, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìgbà tí wọ́n rán ẹnì kan wá wo ọkọ̀ ni ọ̀rọ̀ dojú rú. Ó fi èékánná fa ojú ibi tó ha. Bí èékánná bá yọ̀ kọjá, ọ̀dà òkè pátápátá nìkan ló ha, kọ̀ǹpáùǹdù lè nù ún kó dán padà. Bí èékánná bá kọ́, àfi kí wọ́n kùn ún. Bẹ́ẹ̀ náà ni péńtà mi ṣe ń dán an wò, mi ò sì lòdì sí i. Àmọ́ ilẹ̀kùn tí irin rẹ̀ ti yọ, ó ní kí wọ́n fi kọ̀ǹpáùǹdù nù ún! Irin tó gba òjò Èkó láìsí ọ̀dà lára yóò dípẹtà, ọmọdé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó dé bọ́ńpà, ó ní igun kan ti ha tipẹ́. Lóòótọ́, àdéhùn wọn kì í san owó ohun tó ti gbó tàbí tó ti bàjẹ́ kí èèyàn tó rà á. Fọ́tò tí àwọn fúnra wọn yà lọ́jọ́ tí mo rà á ni mo gbé sílẹ̀ níwájú rẹ̀: bọ́ńpà náà mọ́ tónítóní. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní ẹ̀dà irú fọ́tò yẹn lọ́wọ́.

Ohun kan wà tí mi ò gbà pẹ̀lú wọn títí dòní. Àwọ̀ fàdákà ni ọkọ̀ mi, àwọ̀ yẹn sì nira láti bá mu. Péńtà tó mọṣẹ́ máa ń fẹ́ ọ̀dà náà díẹ̀díẹ̀ wọ ilẹ̀kùn tó tẹ̀ lé e, kí ojú má bàa rí ààlà. Wọ́n ní ilẹ̀kùn iwájú ò ha, àwọn ò sanwó rẹ̀. Ọkọ̀ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kan ṣú ju èkejì lọ kò tíì padà sí bó ṣe wà, bẹ́ẹ̀ sì ni bí ó ṣe wà ni wọ́n ní àwọn máa dá a padà sí.

Péńtà pè é ní ₦120,000, wọ́n gé e sí ₦90,000. Nígbà náà ni excess yọjú, ìyẹn owó tí oníbàárà fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé nínú àtúnṣe. Nínú àdéhùn mi, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni, tàbí ₦40,000, èyí tó bá pọ̀ jù. Lórí àtúnṣe mílíọ̀nù kan, ₦100,000 ṣeé gbé. Lórí ọkọ̀ tó ha, ₦40,000 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì. ₦50,000 ló dé ọwọ́ mi, mo fi ₦70,000 kún un. Ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye ọkọ̀ sì ni mo san fún ìnṣọ́ránsì náà, NAICOM ò gbà kó dín jù bẹ́ẹ̀ lọ: ₦350,000 lórí ọkọ̀ mílíọ̀nù méje.

Mi ò bá excess fúnra rẹ̀ jà. Bí kò bá sí i, gbogbo wa la ó máa gbé ọkọ̀ tó ha lọ bá wọn, iye tí wọ́n ń gbà yóò sì fò sókè. Ohun tó dùn mí ni pé ẹni tó tà á fún mi sọ pé, “Ohunkóhun tó bá ṣe ọkọ̀ yín, ọwọ́ wa ló wà, sà,” kò sì mẹ́nu ba excess rárá. Àwọn èèyàn ń kó èsúsú láti san irú owó yìí. Ẹ̀tọ́ wọn ni kí wọ́n gbọ́ ọ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ wọn.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí discharge voucher, tó ń sọ pé ẹ ò ní béèrè kọ́bọ̀ mọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà, ẹ ní kí wọ́n tú bọ́ńpà wò. Nígbà tí wọ́n tú tèmi, àwọn kílíìpù tó dì í mú ti já lábẹ́ níbi tí ojú ò tó. Mo ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n sì kà á mọ́ ₦90,000 yẹn láìjiyàn.

Màá tún bá wọn ṣe é, nítorí olè, iná àti ìjàm̀bá ńlá, àti nítorí pé wọn ò sá fún owó tí wọ́n gbà láti san. Ṣùgbọ́n mo ti ní kí wọ́n fi excess buy-back kún tèmi lọ́tẹ̀ yìí, ìyẹn àfikún owó tí èèyàn ń san kí wọ́n lè yọ excess kúrò. Ẹni tí kò bá ní in, tí àtúnṣe ohun tó ha ò ju ₦50,000 lọ, péńtà àdúgbò ni kó gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ bá.