Ìwé Ẹ̀yìn Ilẹ̀kùn: Àgbéyẹ̀wò Ilé Ìgbé Akẹ́kọ̀ọ́ Kan ní Ilé-Ifẹ̀

Ilé ìgbé akẹ́kọ̀ọ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí wà ní agbègbè Asherifa ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tí kò rí ibùsùn gbà nínú ọgbà máa ń gbé. Sáà ẹ̀kọ́ méjì ni mo lò níbẹ̀, láti ìparí ọdún 2023 títí wọ ọdún 2025, nínú yàrá tí àwa mẹ́ta jọ ń gbé. N kò ní í dárúkọ ilé náà. Ìyìn tí mo ní fún wọn pọ̀, ṣùgbọ́n mo ní ẹ̀sùn kan tó wúwo pẹ̀lú, n kò sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣoṣo ba ọjà wọn jẹ́.

Nípa ilé fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Ní ọdún tí mo wọlé, 180,000 náírà ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń san fún sáà kan, pẹ̀lú 20,000 náírà tí wọ́n máa ń dá padà bí a kò bá ba nǹkan jẹ́, wọ́n sì dá tèmi padà pé pérépéré. Ibùsùn mẹ́ta, kọ́bọ́ọ̀dù mẹ́ta, ilé ìwẹ̀ kan àti kíṣìnì tóóró kan ló wà nínú yàrá. Omi ń yọ bí iná bá wà. Bí iná bá lọ fún ọjọ́ méjì, a óò gbé kẹ́ẹ̀gì lọ pọn ọ́n lójúde. Nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé kò ya, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì kì í sùn. Ohun tó mú kí n kọ àgbéyẹ̀wò yìí ni ìwé àdéhùn olójú-ewé mẹ́rin kan tí wọ́n máa ń gbé síwájú àwọn alábàágbé kí wọ́n tó na kọ́kọ́rọ́ sí ẹnikẹ́ni.

Bí ìjókòó náà ṣe lọ ní ọjọ́ tí mo dé nìyí. Àpò mi ṣì wà ní dídì nígbà tí ìyá tó ń bójú tó ilé, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, pe àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èmi wà ní ọdún kẹta ẹ̀kọ́ mi. Ẹnì kejì ti parí OND ní ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe kí ó tó gba ọ̀nà Direct Entry wọlé sí ọdún kejì. Ó fi ọdún mẹ́rin jù mí lọ, nítorí náà Àǹtí ni mo ń pè é láti ọjọ́ yẹn. Ẹnì kẹta ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni, ọmọ ọdún 17 péré, tí kò tíì gbé ilé mìíràn rí yàtọ̀ sí ti àwọn òbí rẹ̀. Màmá fún oníkálukú ní bírò àti ìwé tirẹ̀, ó ní kí a má sọ̀rọ̀, kí a má wo ti ẹnìkejì wa, kí a kọ ìdáhùn wa ná. Aago mélòó lo máa ń sùn? Ǹjẹ́ o lè sùn bí iná bá wà ní títàn? Òru mélòó ni àlejò lè sùn nínú yàrá láàárín ọ̀sẹ̀ kan? Èwo nínú ẹrù rẹ ni ẹlòmíràn lè lò láì béèrè? Ta ni yóò máa fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ní ọjọ́ wo? Bí wọ́n bá ṣẹ̀ ọ́, ṣé ojú ẹsẹ̀ lo máa fẹ́ sọ ọ́ ni, àbí ó di ọjọ́ kejì? Lẹ́yìn tí a kọ ọ́ tán, ó ka ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sókè, níbi tí wọn kò bá sì ti dọ́gba, a jọ sọ ọ́ títí tí ìdáhùn kan ṣoṣo fi jáde, a kọ ọ́ sí ojú-ewé tó kẹ́yìn, a sì fọwọ́ sí i. Wọ́n lẹ ẹ̀dà kan mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn wa, Màmá mú èkejì sọ́dọ̀.

Ní ìbéèrè kejì, ọmọdébìnrin náà ti kọ ọ́ pé òun kò lè sùn bí iná bá wà ní títàn. Nígbà tí ó gbọ́ ti Àǹtí, pé aago méjì òru ni òun máa ń kàwé dé, ó yára na ọwọ́ gba ìwé rẹ̀, ó sì ti fẹ́ fi bírò fa ìlà sórí ohun tó kọ. Màmá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ojú ìwé náà. Ó ní, "Má pa á rẹ́, ọmọ mi. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an lo fẹ́ pa rẹ́ yẹn."

Mo ti ronú lórí ìṣẹ́jú yẹn lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí pé ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí ìwé náà wà fún. Láàárín àwa Yorùbá, àbúrò kì í dédé sọ fún ẹ̀gbọ́n pé kó pa iná, kó dín orin kù, tàbí kó yé lo ọṣẹ òun. Bí ó bá sọ ọ́, a óò ní kò lẹ́kọ̀ọ́. Bí kò bá sọ ọ́, yóò máa dì í sínú títí yóò fi tú jáde ní ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò retí, lórí ohun tí kò tó nǹkan, bíi síbí tí a kò fọ̀. Àwọn àgbà ní àìsọ̀rọ̀ ní í mú kí ẹnu ó rùn, ṣùgbọ́n àwọn náà ló kọ́ wa pé a kì í bá àgbà sọ̀rọ̀ bó ṣe wù wá. Nínú ilé-ẹ̀kọ́, ó tún lọ́ pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ẹni tó wà ní ọdún kẹta lè jẹ́ àbúrò fún ẹni tó wà ní ọdún kejì, bí ti èmi àti Àǹtí, tí a kò sì ní mọ ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ lanu. Pé kí oníkálukú kọ ìdáhùn rẹ̀ kí ó tó gbọ́ ti ẹlòmíràn ni ọgbọ́n tó wà nínú ètò yìí. Ká ní ẹnu la fi dáhùn ni, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni tó dàgbà jù, "bẹ́ẹ̀ náà ni tèmi rí" ni ọmọdébìnrin yẹn ì bá sọ, gbogbo wa ì bá sì gbà pé a ti fohùn ṣọ̀kan.

Ohun tí a fẹnu kò sí ni pé bí aago mọ́kànlá bá ti lù, a óò pa iná òkè, ẹni tó bá fẹ́ kàwé yóò tan àtùpà oníbátìrì, yóò sì kọ ojú rẹ̀ sí ògiri. Fún bí oṣù méjì, Àǹtí kò yẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ìdánwò sún mọ́lé, ó gbàgbé. Oorun ti ń gbé mi lọ nígbà tí mo gbọ́ ohùn kékeré kan láti abẹ́ aṣọ ìbora: "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ mà, ìwé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ní kí n kí yín." Àǹtí bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Mo gbọ́ o, àbúrò mi, bá mi kí i padà," ó sì dìde pa iná. Láti òru yẹn, kíkí yẹn di èdè yàrá wa. Bí mo bá fi abọ́ sílẹ̀ láì fọ̀ di ọjọ́ kejì, ìwé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yóò kí mi. Bí ọmọdébìnrin náà bá gbàgbé ọjọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀, yóò kí òun náà. Kò sí ẹni tó bá ẹnikẹ́ni wí, nítorí pé ìwé ló sọ̀rọ̀.

Apá owó ni ó tún ti ràn wá lọ́wọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwa fúnra wa la tún ibẹ̀ kọ. Mítà oníkáàdì kan ni àwa mẹ́ta jọ ń lò. Nígbà tí a fọwọ́ síwèé, a kàn kọ ọ́ pé oníkálukú yóò máa mú 2,000 náírà wá lóṣù. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná ọba gbé owó yúníìtì kan fún àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná ogún wákàtí ó kéré tán lójúmọ́ fún, kúrò ní nǹkan bíi 68 náírà sí 225 náírà, ìlà iná tiwa sì wà lára wọn. Owó tí a rò pé yóò gbé wa dé òpin oṣù tán ní ọ̀sẹ̀ kejì, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wa lójú: ta ló ń jẹ iná?

A jókòó, a ṣírò. Ìdáná oníná wa ń gba wáàtì 1,000, èyí tó túmọ̀ sí pé yúníìtì kan ló ń jẹ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan tó bá wà ní títàn. Ẹ̀wà tí a bá sè fún wákàtí méjì, tí iná rẹ̀ kò tó 140 náírà tẹ́lẹ̀, wá di 450 náírà, láì ka epo àti àlùbọ́sà. Gílóòbù LED oníwáàtì 10, ní tirẹ̀, yóò tàn fún 100 wákàtí kí ó tó jẹ yúníìtì kan péré. Ó yà wá lẹ́nu, nítorí pé iná tí Àǹtí fi ń kàwé la ti ń fura sí, tí ó sì jẹ́ pé ìkòkò ẹ̀wà tí gbogbo wa jọ ń jẹ ló ń jẹ owó wa. A kọ ọ́ sínú ìwé pé orí gáàsì ni a óò ti máa se ẹ̀wà àti ẹran, pé oníkálukú yóò mú 5,000 náírà wá fún iná, àti pé ẹni tó bá rin ìrìn-àjò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ yóò san ìlàjì. Àwọn kan yóò ní kò tọ́ kí ẹni tí kì í sábà dáná san iye kan náà pẹ̀lú ẹni tó ń dáná lójoojúmọ́. Mo gbà pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n ìṣirò tí gbogbo wa lè fi ìka ọwọ́ ṣe dára fún àlàáfíà yàrá ju èyí tó péye délẹ̀ tí a óò máa jiyàn lé lórí láràárọ̀.

Ó dùn mí pé ìwé tó béèrè ẹni tí yóò fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò béèrè nǹkan kan nípa ìjọsìn, ní ìlú tí Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì jọ máa ń pín yàrá. Mùsùlùmí ni Àǹtí, Kìrìsìtẹ́nì ni àwa méjì yòókù. Nígbà tí Rámàdáánì wọlé ní oṣù Kẹta ọdún 2024, kò sọ nǹkan kan fún wa. Ní òru kẹta, mo lajú, mo rí i tó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, tó ń jẹ sààrì. Ó ti da ojú tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ̀ dé orí ẹní, ìmọ́lẹ̀ tó ń yọ lábẹ́ rẹ̀ kò ju okùn tẹ́ẹ́rẹ́ lọ, síbí onírọ́bà ló sì fi ń jẹun kí abọ́ tánganran náà má baà dún. Omijé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Ẹni tí a tìtorí rẹ̀ kọ òfin iná ló ń pa á mọ́ débi pé kò rí ohun tó ń fi sẹ́nu. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a fi ìlà tuntun kún ìwé náà, pé iná kíṣìnì lè tàn láti aago mẹ́rin àbọ̀ ìdájí títí ààwẹ̀ yóò fi parí. Èmi náà kọ ọ́ pé àdúrà òru ọjọ́ Ẹtì mi yóò kúrò nínú yàrá bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Òmíràn tí ìwé náà kò mẹ́nu bà ni ìyanṣẹ́lódì. Ẹni tó wà ní yunifásítì ìjọba ní ọdún 2022 kò lè gbàgbé: ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì, wọn kò sì dá a dúró títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá, oṣù mẹ́jọ gbáko. Ilé mìíràn ni mo ń gbé nígbà yẹn, kò sí ìwé kankan níbẹ̀. Mo lọ sílé, alábàágbé mi dúró ní Ifẹ̀ nítorí iṣẹ́ tó ń ṣe. Nígbà tí mo padà, bíìlì iná oṣù mẹ́jọ wà nílẹ̀ tí alábàágbé mi ní kí a pín sí méjì, ìrẹsì mi ti tán, àárín wa kò sì gún mọ́ títí a fi túká. Ìlà méjì péré ì bá ti tó: pé ẹni tó bá dúró ni yóò san owó iná, àti pé ohun jíjẹ tí ẹni tó lọ bá fi sílẹ̀, bí a bá jẹ ẹ́, a óò rà á padà.

Ẹ̀sùn mi wá nìyí. Ní sáà kejì, Àǹtí kúrò, ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Màmá náà ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó gba ipò rẹ̀ kò pe ìjókòó kankan. Ó mú ẹ̀dà ìwé tí àwa mẹ́ta àkọ́kọ́ kọ jáde, ó ní kí ẹni tuntun fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó sì na kọ́kọ́rọ́ sí i. Kò tó oṣù kan tí ẹni tuntun yìí fi mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wá, tí kò rí ibùsùn gbà nínú ọgbà. Ìwé sọ pé òru méjì lọ́sẹ̀ ni àlejò lè sùn. Ọmọ náà sun òru 23 léraléra. N kò dá a lẹ́bi. Gbogbo ẹni tó bá ti gbé ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba rí ló mọ ohun tí à ń pè ní squatter, ìyẹn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní ibùsùn tirẹ̀ tó ń sùn sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ó mọ̀ pé ibùsùn kò tó, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ẹnì kan sì ti fi àánú gbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n omi tí a ń pọn fún ẹni mẹ́ta ti di ti ẹni mẹ́rin, ẹni mẹ́ta ló sì ń san owó iná. Nígbà tí mo sọ pé ìwé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ń kí i, alábàágbé tuntun wò mí bí ẹni tí mo bú. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, mi ò sí níbẹ̀." Òótọ́ ló sọ.

Ìwé kan náà ṣèlérí pé bí aáwọ̀ bá dé, àwọn alámòójútó yóò jókòó tì wá láàárín ọjọ́ méjì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fẹjọ́ sùn. Wọ́n kọ́kọ́ ní kí a máa fara dà á, pé ọmọ ìyá ni wá. Ọjọ́ 11 kọjá kí ẹnikẹ́ni tó yọjú, nígbà tó sì dé, ìkìlọ̀ ló ṣe, kò bi ọmọ tó ń sùn nílẹ̀ léèrè ibi tó máa lọ. Àwa fúnra wa la bá a wá àyè kan ní àdúgbò Damico. Ìbéèrè nípa àlejò yẹn kò tó rárá: ó yẹ kí ìwé náà sọ ohun tí a óò ṣe fún àlejò tí kò ní ibi tó máa padà sí, iye ọ̀sẹ̀ tí a lè gbà á, àti ohun tí yóò máa dá sí owó iná àti omi.

Síbẹ̀, bí àbúrò mi bá fẹ́ wọ Ifẹ̀ lọ́la, ilé yìí ni n óò mú un lọ, nítorí pé n kò tíì rí ibòmíràn tí wọ́n ti ń fi odidi wákàtí kan jókòó ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kí ẹrù wọn tó wọlé. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi òun ní aago tí òun ń sùn, yàrá àdágbé ni kó wá. N óò kàn sọ fún àbúrò mi pé kó má ṣe sanwó títí wọn yóò fi dá ọjọ́ ìjókòó fún un, àti pé bí wọ́n bá na ìwé tí àwọn mìíràn ti kọ sí i, kó má ṣe fọwọ́ sí i. Ọmọdébìnrin tó fẹ́ pa ìdáhùn rẹ̀ rẹ́ lọ́jọ́sí ṣì wà nínú yàrá náà. Ní ọjọ́ tí ẹni tó rọ́pò mi dé, ó pè mí lórí fóònù pé òun ti já ìwé àtijọ́ kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn, òun ti lọ gba òfìfo mẹ́ta ní ọ́fíìsì, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń kọ ọ́ lọ́wọ́.