Ìsọ̀ Àtúnṣe Ọ̀kadà Kan ní Ìṣọkùn, Iléṣà, àti CG125 Tí Kì Í Jí Láàárọ̀

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ṣì ń gun Honda CG125 àtijọ́ ní Iléṣà ni a mọ bí ọyẹ́ ṣe ń fìyà jẹ irú ọ̀kadà bẹ́ẹ̀. A ó tẹ kíkì títí, ẹ̀ńjìnnì á máa kùn bí ẹni pé ó fẹ́ dáhùn, kò sì ní jí. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti yọ dáadáa, tàbí tí a bá tì í sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè títí tí ó fi dáhùn, kò tún ní sí wàhálà kankan mọ́ títí di ọjọ́ kejì. Irú àìsàn yìí ṣòro fún mẹkáníìkì láti rí, nítorí pé nígbà tí oníọ̀kadà bá fi máa gùn ún dé ìsọ̀, ẹ̀ńjìnnì ti gbóná, ẹ̀rí sì ti sá lọ.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn ìsọ̀ tí mo gbé tèmi lọ ní Ìṣọkùn. Kò ní pátákó, ẹ̀gbẹ́ àwọn wẹ́dà ni ó wà, ariwo ibẹ̀ sì pọ̀ ju ohun tí ẹni tí orí ń fọ́ lè fara dà lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ibẹ̀ kì í dá ọ̀rọ̀ ẹ̀ńjìnnì gbígbóná. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé, ó kàn fọwọ́ kan ara ẹ̀ńjìnnì náà, ó ní, “Ẹ fi sílẹ̀ kó sùn síbí, tíṣà. Ẹ wá láàárọ̀ kí a jọ wò ó.” Wọn kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi lálẹ́ ọjọ́ náà.

Nígbà tí mo dé láàárọ̀, ojú mi ni wọ́n ṣe tẹ kíkì fún ìgbà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, tí kò jí, ọmọ iṣẹ́ kan tú púlọ́ọ̀gì, ọ̀gá sì wo ẹnu rẹ̀: ó gbẹ táútáú. Bí ó bá tutù pẹ̀lú epo, a jẹ́ pé epo ń dé ibẹ̀, iná ni kò ràn án. Bí ó bá gbẹ lẹ́yìn gbogbo kíkì yẹn, epo gan-an ni kò dé. Ẹlòmíràn ì bá dúró síbẹ̀. Ọ̀gá yìí ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé abọ́ epo tí wọ́n fi ń fọ nǹkan jìnnà, ó fi púlọ́ọ̀gì náà padà sínú orí wáyà rẹ̀, ó fi ara irin rẹ̀ ti orí ẹ̀ńjìnnì, ó sì ní kí ọmọ náà tún tẹ kíkì. Iná jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó pupa, ó sì tín-ín-rín, nígbà tí ó yẹ kí ó ní àwọ̀ búlúù kí ó sì máa ta pàà. Àléébù méjì ni wọ́n rí báyìí.

Níbòmíràn, wọ́n ti sọ fún mi pé CDI, àpótí kékeré tó ń darí iná púlọ́ọ̀gì, ti kú, kí n ra òmíràn, kí n sì fi bátìrì tuntun kún un. Ṣùgbọ́n nínú CG tó ń lo CDI bíi tèmi, iná púlọ́ọ̀gì kì í ti inú bátìrì wá rárá. Kọ́ìlì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ máágínẹ́ẹ̀tì ni ó ń pèsè rẹ̀ bí ẹ̀ńjìnnì bá ti ń yí, bí ó bá sì ṣe ń yára yí tó ni iná náà ṣe máa ń lágbára tó. Nítorí náà ni òtútù fi ń ṣe ọṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà: ọ́ìlì a ki, kíkì a wúwo, ẹ̀ńjìnnì a máa yí díẹ̀díẹ̀, iná tí ì bá tó lọ́sàn-án kò sì ní tó mọ́. Orí rọ́bà tó ń dé púlọ́ọ̀gì ni wọ́n tú wò, ìpẹtà aláwọ̀ ewé sì ti bo inú rẹ̀. Wọ́n gé ẹnu wáyà náà díẹ̀ títí tí wọ́n fi kan bàbà tó mọ́, wọ́n fi orí tuntun sí i, iná sì di búlúù pẹ̀lú CDI àtijọ́ tí àwọn kan ti sìnkú rẹ̀.

Ó wá ku epo. Epo bẹntiróòlù kì í jó dáadáa nínú ẹ̀ńjìnnì àfi tí ó bá ti di afẹ́fẹ́, òtútù kì í sì í jẹ́ kí ó tètè dì í. Iṣẹ́ ṣóòkù ni láti dín afẹ́fẹ́ tó ń wọ kabúrétọ̀, ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń dàpọ̀, kù kí epo lè pọ̀ sí i. Apá ṣóòkù tèmi ń lọ sókè sódò, ṣùgbọ́n bébà irin inú rẹ̀ kò pa ẹnu dé mọ́, torí pé ìdè rẹ̀ ti tú. Wọ́n dè é, wọ́n sì fọ jẹ́ẹ̀tì kékeré, ihò tí epo ń gbà kọjá nínú kabúrétọ̀, tí epo tó ti pẹ́ ti dì mọ́.

Wọ́n tún yẹ táápẹ́ẹ̀tì wò láìjẹ́ pé mo béèrè, ìyẹn àlàfo ibi tí wọ́n ti ń ti fáálù, ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí tó sì ń pa dé nínú ẹ̀ńjìnnì. Láti 1976 tí Honda ti gbé CG125 jáde ni ó ti ń lo ọ̀pá tó ń ti fáálù dípò ṣéènì inú ẹ̀ńjìnnì, àlàfo rẹ̀ sì jẹ́ mìlímítà 0.08 nígbà tí ẹ̀ńjìnnì bá tutù. Tèmi ti fún jù. Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń wọn àlàfo ni wọ́n lò; mo mọ ọ̀pọ̀ ìsọ̀ tó jẹ́ pé ìka ọwọ́ ni wọ́n fi ń wọn tiwọn. Púlọ́ọ̀gì NGK D8EA ni wọ́n fi sí i, lẹ́yìn tí wọ́n wọn ẹnu rẹ̀ láàárín mìlímítà 0.6 sí 0.7, ọ̀gá sì kìlọ̀ fún mi nípa ayédèrú rẹ̀ tó kún ìgboro.

Àwọn ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn náà wà. Wọn kì í kọ rìsíìtì, nítorí náà kò sí ohun tí oníbàárà lè fi hàn bí àríyànjiyàn bá dé lórí ohun tí wọ́n pààrọ̀. Wọn kì í pe èèyàn lórí fóònù pé iṣẹ́ ti parí, èmi ni mo ń lọ yọjú. Kò sì sí àyè ìdúnàádúrà: ₦8,000 ni owó iṣẹ́, yàtọ̀ sí owó púlọ́ọ̀gì àti orí rọ́bà, ọ̀gá sì dúró tì mí bí Òṣómàáló títí tí mo fi ka owó náà tán. Owó náà tọ́ sí i, nítorí pé láti ìgbà náà, kò ju kíkì kan tàbí méjì lọ láàárọ̀ ọyẹ́.

Ẹni tó bá ní CG, tàbí àwọn ọ̀kadà Ṣáínà tí wọ́n ṣe ní àwòṣe rẹ̀, lè gbé e lọ síbẹ̀, kí ó sì múra sílẹ̀ láti fi í sílẹ̀ mọ́jú. Àwọn ọlọ́kadà tuntun tí kò ní kabúrétọ̀, tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ni ó ń fún ẹ̀ńjìnnì wọn ní epo, kí wọ́n wá ibòmíràn lọ, nítorí pé wọn kò ní ẹ̀rọ tó ń yẹ irú rẹ̀ wò níbẹ̀.