Ológun Àtijọ́ àbí Ọdẹ: Ta Ni Ká Rán Wọgbó?

Bí ajínigbé bá gbé èèyàn wọgbó nítòsí Iléṣà, ta ni ká bẹ̀: bàbá tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ológun ni, àbí ọdẹ inú Àmọ̀tẹ́kùn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2020?

Bàbá tó bá ECOMOG, ọmọ ogun àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, lọ sí Làìbéríà ní 1990 mọ ogun dunjú. Ṣùgbọ́n ó ti ní òun ò gbébọn mọ́. Ta ló máa dá a lẹ́bi? Ọdẹ mọ ipa ẹsẹ̀, ó mọ ibi tó ṣeé gbà sọdá odò, ó mọ ahéré oko kòkó tí wọ́n lè fèèyàn pamọ́ sí. Ìbọn ṣakabùlà rẹ̀ ni kò tó AK-47.

Èmi á fi ọdẹ ṣíwájú. Kí bàbá máa tọ́ wọn sọ́nà lórí fóònù, pàápàá ìgbà tí wọn ò gbọdọ̀ yìnbọn nítorí ẹni tí wọ́n dè mọ́lẹ̀. Ìyẹn tí nẹ́tíwọ̀kì bá wà nínú igbó o!