Wákàtí 40 tí wọ́n fi kọ́ àwa ọlọ́pàá ọgbà yunifásítì: ohun tí mo rí níbẹ̀

Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá nínú ọgbà yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ni wọ́n ti rán mi lọ. Èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, tó gba wákàtí 40 láàárín ọjọ́ márùn-ún, ni àkọ́kọ́ tí mo lè fi gbogbo ẹnu sọ fún ẹlẹgbẹ́ mi pé kó lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ní àbùkù kan tí n kò lè gbójú fò.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ jẹ́ ti òfin, ṣùgbọ́n ìtàn ilẹ̀kùn mẹ́ta ni olùkọ́ wa fi bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀kùn wọ̀nyí, tó yẹ kó wà ní títì ṣùgbọ́n tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti fi nǹkan há, ni apànìyàn gbà wọlé ní Lehigh University ní 1986, tó sì pa Jeanne Clery, ọmọ ọdún 19, nínú yàrá rẹ̀. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1990 nítorí rẹ̀, tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí dòní, ló sọ ọ́ di dandan fún ilé-ẹ̀kọ́ gíga láti máa kéde ìwà ọ̀daràn tó bá wáyé lọ́gbà, kó sì kìlọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ lásìkò. Lẹ́yìn èyí, ó kọ 7:15, 9:26 àti 9:40 sára pátákó. Òwúrọ̀ ọjọ́ 16 oṣù kẹrin ọdún 2007 ní yunifásítì Virginia Tech nìyẹn: wọ́n yìnbọn pa ẹni méjì ní hóstẹ́ẹ̀lì, ó lé ní wákàtí méjì kí ímeèlì àkọ́kọ́ tí yunifásítì fi kìlọ̀ tó jáde, kò sì pẹ́ rárá tí apànìyàn náà fi pa 30 èèyàn sí i nínú ilé ìkẹ́kọ̀ọ́. Olùkọ́ ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa kọ ìkìlọ̀ tí òun ìbá fi ránṣẹ́ ní aago méje ààbọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo pa tèmi rẹ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kẹta ló wọ̀ mí lára jù. Òṣèré kan jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú yàrá, ó ṣe bí akẹ́kọ̀ọ́ tí ayé ti sú. Mo kanlẹ̀kùn, mo dúró sáàárín ẹnu ọ̀nà, rédíò èjìká mi sì ké lójijì. Ọmọ náà sún mọ́ ògiri gbáú. Olùkọ́ dá wa dúró. Ó ní kí n dín ohùn rédíò kù, kí n gbé ọwọ́ kúrò nídìí ìbọn, kí n kúrò lẹ́nu ọ̀nà kó má dà bíi pé mo sé e mọ́lé, àti pé tí mo bá ti rí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, kí n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tí a tún un ṣe, mo bi í pé, "Ìgbà wo lo jẹun kẹ́yìn?" Ó sì dá mi lóhùn.

Wákàtí mẹ́ta péré ni wọ́n fún irú ẹ̀kọ́ yìí, nígbà tí ọ̀rọ̀ agbébọn gba ọjọ́ kan àtààbọ̀. N kò ní kí wọ́n má kọ́ wa ní ti agbébọn, ṣùgbọ́n ọmọ tó mutí kọjá agbára, ọmọ tó tilẹ̀kùn mọ́ra rẹ̀ àti ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ ni à ń bá pàdé lóru. Ní ti ìwọ́de, wọ́n kàn dárúkọ yunifásítì Kent State, níbi tí àwọn sójà ti pa akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin ní 1970, wọ́n sì kọjá lọ.

Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá fẹ́ rán ọlọ́pàá rẹ̀ lọ, kó jọ̀wọ́ fi àwọn tó ń gbé tẹlifóònù pàjáwìrì kún wọn, nítorí àwọn ló ń kọ́kọ́ gbọ́ ohùn ọmọ náà.