Ẹ ṣọ́ra o! Ajẹ́ńtì tó ń ta ìrìnàjò Victoria Falls yìí, gbájúẹ̀ ni

Ẹ̀yin èèyàn mi, inú ń bí mi débi pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń tẹ eléyìí. Tẹ́ ẹ bá ń múra àtilọ wo Victoria Falls, ìyẹn omi ńlá tó ń já wálẹ̀ látorí àpáta ní ààlà Zambia àti Zimbabwe, tẹ́nì kan sì ń pè yín ní Mọ́mì àbí Dádì lórí WhatsApp, tó ní òun á ti bá yín ṣe gbogbo ẹ̀ parí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka eléyìí tán ná kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan owó yín.

Nínú fọ́tò tó fi ránṣẹ́ sí mi, omi bo gbogbo orí àpáta láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ìkùukùu ń ru sókè. Mo bi í o! Mo ní ṣé bó ṣe máa rí lóṣù kẹwàá tá a fẹ́ lọ yìí náà nìyí? Ó ní "Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀, omi kì í gbẹ níbẹ̀." Ọmọ Yorùbá bíi tiwa, ó ń forúkọ Ọlọ́run búra. Dọ́là 420 ni mo san fún èmi àti ọkọ mi, ó ní owó gétì wà nínú ẹ̀, ọkọ̀ ojú omi lọ sí Livingstone Island, erékùṣù tó wà létí ibi tómi ti ń já, wà nínú ẹ̀, Devil's Pool, ibi téèyàn ti ń lúwẹ̀ẹ́ létí ọ̀gbun níbẹ̀, wà nínú ẹ̀. Ó fún mi ní rìsíìtì tó ní sítáǹbù. Sítáǹbù o!

A dé gétì Mosi-oa-Tunya, ibi tí wọ́n ń gbà wọlé lọ wo omi náà ní apá Zambia, ẹni tó wà níbẹ̀ gba rìsíìtì, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó ní àwọn ò mọ eléyìí rí, ká lọ sanwó. Lójú gbogbo àwọn tó tò sẹ́yìn wa. Ọkọ mi kàn ń wò mí, kò sọ nǹkan kan. A tún owó san. A wọlé, kí la rí? Àpáta dúdú gbígbẹ! Ọ̀gbun tó jìn ju mítà 100 lọ, ẹ ń rí ìsàlẹ̀ ẹ̀ kedere, omi tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń ro lápá kan. Gáìdì kan ló wá ṣàlàyé pé bó ṣe máa ń rí lọ́dọọdún nìyẹn, pé nǹkan bí oṣù kẹrin ni Zambezi, odò tó ń já níbẹ̀, máa ń kún jù, tó bá fi máa di oṣù kẹwàá sí ìkọkànlá, èyí tó bá ṣẹ́kù, apá Zimbabwe ló ń gbà já wálẹ̀. A ò sì gba fíṣà Zimbabwe, torí oníjìbìtì yẹn ló ní kò sídìí fún un!

Èyí tó dùn mí jù ni Devil's Pool, torí ìgbà tómi bá fà nìkan ni wọ́n ń jẹ́ kéèyàn wọ̀ ọ́, àǹfààní kan ṣoṣo tó kù fún wa nìyẹn. Obìnrin tó wà nídìí ọkọ̀ fìka tọ orúkọ látòkè délẹ̀, orúkọ wa ò sí níbẹ̀, ààyè sì ti kún. Mo pe ọmọkùnrin yẹn, ó gé fóònù, ó bá bulọ́ọ̀kù mi.

Àwọn kan á ní ṣé mi ò lè wo íntánẹ́ẹ̀tì ni. Mo béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ní iṣẹ́ òun ni, ó sì parọ́ fún mi, kí ló tún kù tí mi ò ṣe? Òótọ́ ni pé orúkọ tó wà lórí àkáǹtì tí mo sanwó sí kì í ṣe tiẹ̀, ó ń dùn mí títí di ìsinsìnyí, ṣùgbọ́n ṣé torí ẹ̀ ló ṣe yẹ kó jà mí lólè ni?

Ẹ fúnra yín san owó gétì tẹ́ ẹ bá débẹ̀. Ẹ béèrè oṣù tí wọ́n ya fọ́tò. Tó bá jẹ́ ìgbà tómi ti fà, bí oṣù kẹwàá sí ìkọkànlá, apá Zimbabwe ni kẹ́ ẹ gbà. Ní tèmi o, mi ò gba ajẹ́ńtì kankan gbọ́ mọ́, ì báà jẹ́ pásítọ̀, ì báà jẹ́ àáfà.

Ó ṣì ń gbé fọ́tò ọ̀hún káàkiri o! Ọmọ àbúrò mi ló fi hàn mí láàárọ̀ yìí, ó kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé oṣù kọkànlá ni wọ́n ń lọ, ààyè méjì ló kù. Ẹ má sanwó fún un.