Àgbéyẹ̀wò Xiaohongshu: áàpù tí wọ́n ti ń gbin koríko sọ́kàn oníbàárà

Àgbẹ̀ ilẹ̀ wa kì í gbin koríko, ríro ló ń ro ó. Lórí Xiaohongshu, áàpù àwọn ará Ṣáínà tí wọ́n ń pè ní RedNote nílẹ̀ òkèèrè, koríko gbígbìn gan-an niṣẹ́. Zhongcao, 种草, lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́: kí ẹnì kan fi àwòrán tó ń dán àti ọ̀rọ̀ dídùn gbin ìfẹ́ ìpara kan sí yín lọ́kàn, kó hù, kó gbilẹ̀, títí ọwọ́ yóò fi wọ àpò. Bí ẹ bá ra ọjà náà, tàbí tí ẹ rí i pé kò já mọ́ nǹkan tí ọkàn yín sì kúrò níbẹ̀, ẹ ti fa koríko tu nìyẹn, bacao, 拔草. Ìdájọ́ mi nìyí: fún ẹni tó fẹ́ mọ àléébù ohun ìṣaralóge kó tó náwó, n kò tíì rí ibi tó dára tó áàpù yìí, bó bá ti mú ọkọ́ lọ́wọ́ wọ ibẹ̀. Ẹni tó bá lọ lọ́wọ́ òfo, oko rẹ̀ á ti kún kí ilẹ̀ tó ṣú.

Shanghai ni Mao Wenchao àti Qu Fang ti dá a sílẹ̀ lọ́dún 2013, nígbà tó ṣì jẹ́ ìwé atọ́nà fún àwọn ará Ṣáínà tó ń lọ rajà nílẹ̀ òkèèrè. Àwọn tó ń lò ó ń jẹ́ "ọ̀dùnkún pupa kékeré", torí pé shu tó jẹ́ ìwé àti shu tó wà lára orúkọ ọ̀dùnkún fẹ́ jọra létí. Ohùn ló yà wọ́n, bí ọkọ́ àti ọkọ̀ ṣe yàtọ̀ lẹ́nu tiwa. Oṣù Kìíní 2025 ni àwọn ará Amẹ́ríkà ya wọ ibẹ̀ nítorí òfin tó fẹ́ ti TikTok pa, kò sì pẹ́ tí bọ́tìnnì ìtumọ̀ fi yọ. Bọ́tìnnì yẹn ló jẹ́ kí ẹni tí kò gbọ́ Ṣáínà lè fi áàpù náà ṣe nǹkan gidi.

Ìtumọ̀ náà kò pé o. Ó lè má túmọ̀ ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sára àwòrán, ibẹ̀ sì ni ẹran ọ̀rọ̀ máa ń wà: àtẹ èròjà, ìdá èròjà nínú ọgọ́rùn-ún, bí ojú ṣe rí ní ọ̀sẹ̀ kìíní àti ìkẹrin. Ẹ ya àwòrán ojú fóònù yín, kí ẹ gbé e sínú Google Lens. Ó tún máa ń tú àwọn ẹnà wọn ní tààrà. Tí ẹ bá kà á pé ẹnì kan ra ọjà lórí "áàpù aláwọ̀ ọsàn", Taobao ló ń wí. "Áàpù aláwọ̀ ewé" ni WeChat. Wọ́n ń fi ẹnà bò ó kí áàpù má bàa yọ ọ̀rọ̀ wọn kúrò. Lẹ́tà mẹ́rin yyds túmọ̀ sí "òrìṣà títí láé", wọ́n sì lè fi ki ọṣẹ ìfọjú lásán.

Ibi àpótí ìwárí ni ọkọ́ wà. Ẹ má kọ orúkọ ọjà nìkan síbẹ̀, ìyìn lẹ máa rí. Ẹ fi Ṣáínà kọ orúkọ náà (珀莱雅 ni Proya, 薇诺娜 ni Winona, 花西子 ni Florasis), kí ẹ wá fi ọ̀rọ̀ àléébù kan sí i lẹ́yìn. 避雷, bilei, "ẹ yẹra fún bọ́ǹbù inú ilẹ̀", ló gbòòrò jù. 闷痘, mendou, ni ti ìpara tó ń dí ihò ara tí irorẹ́ sì ń yọ. 卡粉, kafen, ni ti àtíkè tàbí pankéèkì tó ń há sínú ìlà ojú. 烂脸, lanlian, "ojú bàjẹ́", ni kí ẹ kọ bó bá jẹ́ ìpara tó lágbára. 搓泥, cuoni, ni pé ohun tí ẹ fi pa ara ń ṣù bí èérí lábẹ́ ọwọ́. Ìyẹn kì í sábà jẹ́ ẹ̀bi ọjà kan ṣoṣo: sílíkónù àti èròjà tó ń mú ìpara ki ló ń bá ara wọn jà, pàápàá bí ẹ bá fi súnsíkìrìnì lé ìpara tí kò tíì gbẹ. Bí ẹ bá dín iye ìpara ìṣáájú kù, tí ẹ sì dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ọ̀pọ̀ rẹ̀ á dópin. Nítorí náà ẹ wo ohun tí ẹni náà kọ́kọ́ fi pa ojú kí ẹ tó gba ẹ̀sùn rẹ̀ gbọ́.

Tí èsì ìwárí bá jáde, ẹ tẹ 筛选. Ẹ yan 半年内, ìyẹn láàárín oṣù mẹ́fà, torí pé ilé iṣẹ́ máa ń yí èròjà padà láìyí ìgò. Lẹ́yìn náà ẹ tò ó nípa 最多评论, èyí tí èsì rẹ̀ pọ̀ jù. Àwọn tí wọ́n fẹ́ràn jù kì í ní àríyànjiyàn nínú. Ibi tí èsì ti pọ̀ ni wọ́n ti ń bá ara wọn jiyàn, èsì ogún tó kọ́kọ́ hàn sì sábà máa ń wúlò ju àkọsílẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ràn jù lọ níbẹ̀ ni 空瓶, kongping, "ìgò tó ti ṣófo". Ẹni tó bá lo ìpara tán tó ya àwòrán ìgò rẹ̀ ti lò ó fún oṣù kan ó kéré tán. Awọ ojú ọ̀dọ́ ń gba nǹkan bí ọjọ́ 28 kó tó pààrọ̀ ara rẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá lo ìpara àbàwọ́n fún ọjọ́ mẹ́ta tó ní ojú òun ti mọ́, iná lámpù ló ń sọ̀rọ̀.

Ìpolówó ńkọ́? Èyí tí wọ́n sanwó fún ní gbangba ní àmì 广告, 赞助 tàbí 合作 lára. Láti ọjọ́ kìíní Oṣù Karùn-ún 2023 ni òfin Ṣáínà ti sọ pé ẹni tó bá pín ìrírí ọjà, tó sì fi ìlà ìrajà sí i, gbọ́dọ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìpolówó ni. Èyí tí kò ní àmì ló ń ṣeni ní jàǹbá. Ilé iṣẹ́ máa ń fi ọjà ọ̀fẹ́ ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ ẹni tí kò lókìkí rárá, suren, 素人, kí wọ́n lè kọ̀wé bí ẹni pé àwọn fúnra wọn ló rà á. Ọ̀nà yìí ló gbé Perfect Diary, ọjà ìṣaralóge ilẹ̀ Ṣáínà, dìde. Nígbà tí ilé iṣẹ́ tó ni ín, Yatsen, wọ ọjà ìpín owó New York ní Oṣù Kọkànlá 2020, ìwé ìṣirò rẹ̀ jẹ́ kó hàn pé títà àti ìpolówó ń jẹ ju 60 lọ nínú gbogbo 100 yuan tó ń wọlé. Ìdá tó kù ló wá pín sórí lípsítíìkì fúnra rẹ̀ àti gbogbo ìnáwó yòókù.

Wọ́n ṣeé dá mọ̀. Ẹ ka àkọsílẹ̀ mẹ́fà lórí ọjà kan náà: bí gbogbo wọn bá to ọ̀rọ̀ bákan náà, ẹ̀dùn awọ ojú lákọ̀ọ́kọ́, orúkọ èròjà ìkejì, "ẹ̀yin arábìnrin mi" ìkẹta, ìwé kan náà ni wọ́n pín fún wọn. Ẹ tẹ orúkọ òǹkọ̀wé. Ẹni tí awọ rẹ̀ gbẹ lọ́jọ́ Ajé tó di olóròóró lọ́jọ́ Ẹtì, iṣẹ́ ló ń ṣe. Ẹ wo àwọn tó ń bèèrè ìlà ìrajà nísàlẹ̀. Bí orúkọ wọn bá jẹ́ 小红薯 tí nọ́ńbà àti lẹ́tà tẹ̀ lé, tí wọn kò sì ní àwòrán, orúkọ tí áàpù fún wọn lọ́jọ́ ìforúkọsílẹ̀ ni wọ́n ṣì ń jẹ́. Kì í ṣe gbogbo wọn ni èké, àmọ́ bí mẹ́wàá bá tò tẹ̀ lé ara wọn, ẹ kúrò níbẹ̀. Áàpù náà kò dákẹ́ o: ní Oṣù Kejìlá 2021 ó dá ilé iṣẹ́ ọjà 29 dúró lẹ́ẹ̀kan náà nítorí ìpolówó àbòsí. Àwọn tó ń kọ ọ́ kàn kọ́ bí wọ́n ṣe ń fara pamọ́ sí i ni.

Ibi tó ṣòro jù ni ti àwọn gbajúmọ̀, torí pé ẹni tó ń kọ̀wé níbẹ̀ kì í ṣe alágbàṣe. Owó ara rẹ̀ ló fi rà á lóòótọ́. Ilé iṣẹ́ yóò kéde òṣèré tàbí akọrin kan, yóò ta àpótí pẹ̀lú káàdì àwòrán rẹ̀, àwọn olólùfẹ́ yóò sì máa ra méjì mẹ́ta láti fi hàn pé ẹni àwọn lè ta ọjà. Ní Oṣù Kẹjọ 2021 ìjọba fòfin de àtẹ tí wọ́n fi ń to àwọn gbajúmọ̀ nípò, àmọ́ ẹ̀mí ìdíje kò kú, ó kàn bọ́ sínú rìsíìtì. Ẹ wo ohun tó wà nínú àwòrán: bó bá jẹ́ káàdì àti ríbọ́ọ̀nù ló gba gbogbo ojú ìwé, tí kò sí ibi tí ìpara ti kan awọ, ẹ fò ó. Ohun tó dára ni kí ẹ mọ ọjọ́ tí wọ́n kéde gbajúmọ̀ náà, kí ẹ wá ka èyí tí wọ́n kọ ṣáájú rẹ̀, tàbí èyí tó jáde lẹ́yìn oṣù méjì.

Nígbà tí "ilé bá wó", tafang, ìyẹn tí àṣírí gbajúmọ̀ bá tú, ìyìn náà kò ní í jẹ́ ti awọ. Ní Oṣù Keje 2021, Kans, ilé iṣẹ́ ìpara, ló kọ́kọ́ fòpin sí àdéhùn pẹ̀lú Kris Wu, akọrin tí ilé ẹjọ́ padà rán lọ sẹ́wọ̀n ọdún 13. Àwọn èèyàn ya lọ sórí ètò ìtajà Kans lójú ẹsẹ̀ láti fi rírà dúpẹ́. Ọpẹ́ ni wọ́n kọ lọ́sẹ̀ yẹn, kì í ṣe ìpara. Ti Fan Bingbing, òṣèré, tún yàtọ̀: ó jókòó sórí Xiaohongshu bí ẹ̀gbọ́n, ó ń sọ ìbòjú olómi tó ń lò, nígbà tó sì di 2018 ó gbé ọjà tirẹ̀ jáde, Fan Beauty. Láti ọjọ́ náà, olóko ló ń yin iṣu.

Iye owó gan-an ló ń tú ẹnu àwọn ọ̀dùnkún. Ní Oṣù Kẹsàn-án 2023, Li Jiaqi, òǹtajà orí ayélujára tí wọ́n ń pè ní ọba lípsítíìkì, ń ta pẹ́ńsù ìpéǹpéjú Florasis ní yuan 79. Oníbàárà kan ní ó ti wọ́n jù. Ó dá a lóhùn pé kí àwọn èèyàn bi ara wọn léèrè bóyá wọ́n ṣiṣẹ́ kára tí owó oṣù wọn fi lè gòkè. Ó tọrọ àforíjì pẹ̀lú omijé, ṣùgbọ́n 79 ti di òṣùwọ̀n: wọ́n ń fi ka iye oúnjẹ ọ̀sán, ilé iṣẹ́ ọṣẹ irun Bee & Flower sì kó ìgò ọjà rẹ̀ jọ ta ní yuan 79. Ìgbà yẹn ni àṣà pípín owó sí gíráàmù gbalẹ̀, tí wọ́n rí i pé gíráàmù kan pẹ́ńsù náà wọ́n ju ti wúrà lọ. Ẹ máa ṣe ìṣirò náà: owó pín sí mìlílítà, pẹ̀lú àwọn ìgò kékeré tí wọ́n fi ṣe ènì, torí pé ní ìtajà ọjọ́ 11 Oṣù Kọkànlá ènì lè tó ọjà gan-an.

Fún aláwọ̀ dúdú, áàpù yìí kò ní ìrànwọ́ púpọ̀ lórí pankéèkì. Ẹni tó dúdú jù nínú àwòrán wọn, 黄黑皮, ṣì mọ́lẹ̀ ju ọ̀pọ̀ wa lọ. Lórí súnsíkìrìnì ló ti wúlò. Ẹ fi 假白, jiabai, "funfun èké", wá a. Ọjà tí àwọn ará Ṣáínà fúnra wọn bá kígbe pé ó sọ àwọn di funfun bí ẹfun, ojú tiwa yóò dà bí èyí tí wọ́n fi eérú pa. Kí ẹ tún fi 原相机 kún un, ìyẹn àwòrán tí wọ́n fi kámẹ́rà fóònù yà láìlo ohun ìdánjú. Bí ilẹ̀kùn tó wà lẹ́yìn ẹni náà bá tẹ̀ tàbí tí irun iwájú orí kò ní fọ́nrán, wọ́n ti tún àwòrán náà ṣe.

Bí koríko bá ti hù tán, ẹ ṣì lè wo nọ́ńbà. Áàpù ìjọba wọn, 化妆品监管, ń fi ìforúkọsílẹ̀ ọjà hàn. Ohun tó bá ń mú àbàwọ́n kúrò tàbí mú ara funfun, súnsíkìrìnì, aró irun, àti èyí tó ní òun ń dá irun jíjá dúró gbọ́dọ̀ ní 国妆特字 nínú nọ́ńbà, tàbí 国妆特进字 bó bá jẹ́ ọjà tí wọ́n kó wọ Ṣáínà láti òkèèrè. Bí kò bá sí, tí òǹkọ̀wé sì ní ó ń mú ojú funfun, irọ́ ni. Lára páálí, láti Oṣù Karùn-ún 2022, èròjà tí kò ju 0.1 nínú ọgọ́rùn-ún lọ gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà 其他微量成分, "èròjà kíún yòókù". Tí gínsẹ́ǹgì tí gbajúmọ̀ ń kọrin rẹ̀ bá wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ mọ ibi tó dé. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìyẹn dá rẹ́tínóòlù tàbí pẹ́pútáìdì lẹ́bi, àwọn yẹn ń ṣiṣẹ́ ní kékeré. Nọ́ńbà yìí kò sì rọ́pò ti NAFDAC fún ohun tí ẹ bá kó wọ Nàìjíríà.

Ẹ tún pa ìdánimọ̀ ìfẹ́ yín, ìyẹn bí áàpù ṣe ń fi ohun tí ẹ ń wò yan ohun tó ń gbé wá fún yín, kí ẹ tó lò ó pẹ́. Láti Oṣù Kẹta 2022 ni òfin ti fún oníbàárà láyè láti pa á. Ó wà nínú ètò áàpù, níbi tí wọ́n kọ 个性化 sí. Bí ẹ bá pa á, ojú ìwé àkọ́kọ́ á di gbàgede: ológbò, ìyá arúgbó tó ń ṣe búrẹ́dì, ìgbéyàwó ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí. Àpótí ìwárí ò ní í yí padà.