Aṣọ òmùwẹ̀ mílímítà 5 fún ọdẹ ẹja ní etíkun Ìlú Ọba, lẹ́yìn ìgbà 14 nínú omi

Láti oṣù Karùn-ún títí di oṣù Kẹwàá ọdún tó kọjá, ìgbà 14 ni mo wọ aṣọ òmùwẹ̀ yìí lọ fi ọ̀kọ̀ ṣọdẹ ẹja nínú òkun Ìlú Ọba: ìgbà 11 ní etíkun Dorset, láàárín Chesil àti Portland, ìgbà mẹ́ta yòókù ní Cornwall. Pọ́n-ùn 185 ni mo rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nítorí pé mo ní ẹ̀sùn tí mo fẹ́ fi kan ẹni tó tà á fún mi, n kò ní dárúkọ ilé ìtajà náà tàbí ilé iṣẹ́ tó rán aṣọ náà. Irú rẹ̀ pọ̀ lọ́jà, wọ́n sì jọra tó bẹ́ẹ̀ tí ohun tí mo bá sọ nípa ọ̀kan yóò fi wúlò fún ẹni tó fẹ́ ra òmíràn.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ àṣìṣe tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún tó ṣáájú, ìbọn ọ̀kọ̀ ni mo kọ́kọ́ náwó lé lórí, ìyẹn ìbọn onírọ́bà tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 75, nítorí pé òun ni ojú ń rí. (Fóònù kò já gaara lọ́jọ́ tí mo sọ fún ìyá mi pé mo ra ọ̀kọ̀, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n gbọ́, wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà sí i kí n tó ṣàlàyé.) Aṣọ tí mo wá wọ̀ pẹ̀lú ìbọn náà ni irú èyí tí àwọn tó ń fi pákó gun ìgbì máa ń wọ̀, mílímítà 3 péré, tí mo rà ní owó pọ́ọ́kú. Oṣù Kẹrin ni, omi Dorset sì wà ní nǹkan bí 10 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Kò pé ìṣẹ́jú 35 tí eyín mi fi ń gbá ara wọn kẹ́kẹ́kẹ́, tí ìka mi kò sì lè fa rọ́bà ìbọn mọ́. Mo jáde lómi pẹ̀lú ìbọn olówó iyebíye tí n kò yìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Omi a máa gba ooru lára ènìyàn ní nǹkan bí ìlọ́po 25 ju bí afẹ́fẹ́ ti ń gbà á lọ. Ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́ lásán ń ta apá, ó ń ta ẹsẹ̀, ara rẹ̀ sì ń móoru díẹ̀; ọdẹ ẹja kò ní àǹfààní yẹn. A kì í gbé àgbá afẹ́fẹ́ pọ̀n. Ọdẹ yóò mí kanlẹ̀, yóò sé èémí, yóò rọra lọ sí ìsàlẹ̀, yóò dùbúlẹ̀ sáàárín ewéko òkun bí ẹni tó ń sùn, yóò sì máa retí kí ẹja wá fi ojú ara rẹ̀ wo ohun àjèjì tó wà níbẹ̀. Àìmira ni gbogbo iṣẹ́ náà. Ara tó ń gbọ̀n ń lo oxygen ju ara tó sinmi lọ, nítorí náà ẹni tí òtútù ti mú kò lè dùbúlẹ̀ pẹ́, kò sì sí ẹja gidi kan tó máa ń wá láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí pé kí wọ́n ra aṣọ kí wọ́n tó ra ìbọn.

Ẹ̀wù àti ṣòkòtò ni aṣọ yìí. Ìborí ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀wù, ṣòkòtò sì ga dé àyà pẹ̀lú ìgbékọ́ èjìká. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ wà nínú rẹ̀. Aṣọ àwọn agungbì ní aṣọ fẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n fi tẹ́ inú rẹ̀ kí ó lè rọrùn láti wọ̀; èyí kò ní. Neoprene lásán, ìyẹn rọ́bà rírọ̀ tí gáàsì wà nínú rẹ̀, ló kan awọ ara, tí ojú rẹ̀ kún fún ihò tíntìntín bí inú búrẹ́dì, ó sì lẹ̀ mọ́ ènìyàn débi pé omi kì í rí ibi gbà kọjá. Ohun tó mú kí ó móoru ju aṣọ mìíràn tó nípọn bákan náà lọ nìyẹn. Ohun tó sì mú kí a má lè wọ̀ ọ́ ní gbígbẹ náà nìyẹn.

Bí mo ṣe máa ń wọ̀ ọ́ ni pé mo máa ń gbé omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ lítà méjì dání láti ilé, tí mo ti po ìpara ìfọrun mọ́. Mo dà á sínú ẹ̀wù, mo gbọ̀n ọ́n kí ó kárí, mo sì ki apá bọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, níbi ìgbọ́kọ̀sí Chesil, ogún ìṣẹ́jú ni mo lò: apá kan ti wọlé, orí há sínú ìborí, ọwọ́ kejì ń táràrà nínú òkùnkùn, ìfófòó funfun sì ń ṣàn jáde lọ́rùn ọwọ́ mi. Ọmọbìnrin mi tó jókòó sínú mọ́tò wò mí títí, ó ní, “Dádì, ẹ jọ ẹja àrọ̀ tí wọ́n fọ ọṣẹ sí lára.” N kò lè bá a jiyàn. Ní báyìí, kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ mọ́. Kí ẹ ṣáà gé èékánná yín mọ́lẹ̀, kí ẹ sì fi inú ìka fà á, nítorí èékánná a máa la neoprene bí ọ̀bẹ ṣe ń la bọ́tà.

Orúnkún rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí ìwúlò rẹ̀, kí n tó dé inú omi pàápàá. Chesil jẹ́ òkìtì òkúta wẹ́wẹ́ tó gùn tó kìlómítà 29. Ní West Bay, ní ìpẹ̀kun rẹ̀ kan, òkúta rẹ̀ kéré bí ẹ̀wà, ṣùgbọ́n ní ìhà Portland, ó ti tóbi tó ẹyin adìyẹ, etí omi ibẹ̀ sì dà gẹ̀rẹ́ débi pé bí ìgbì bá tilẹ̀ kéré, orí orúnkún ni a ń fi jáde. Rọ́bà tí wọ́n fi lẹ orúnkún ṣòkòtò yìí kò tíì ní ju ìhá díẹ̀ lọ. Tìmùtìmù kékeré tó wà láyà, níbi tí a ń fi ìdí ìbọn gbé kí a tó fa rọ́bà, náà dára, igbá àyà kò dùn mí rí. Inú omi nìkan ni a ti ń fa rọ́bà náà o. Ìbọn tí a ti fà kò gbọdọ̀ sí lórí ilẹ̀.

Àwọ̀ ara aṣọ náà, ilẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú pẹ̀lú àbàwọ́n ewé, ni mo rò pé wọ́n fi ń tajà lásán. Mo yí èrò padà ní ìgbà kẹsàn-án, nínú oṣù Kẹjọ, lẹ́bàá Portland, níbi tó jìnnà dáadáa sí Portland Race tí ìṣàn rẹ̀ kò mọ ẹlẹ́ran ara. Omi ti dúró jẹ́ẹ́ láàárín lílọ àti bíbọ̀ rẹ̀, a sì lè ríran tó mítà mẹ́fà, èyí tó dára lápá ibẹ̀. Mo ti lo ohun tó lé ní wákàtí méjì. Mo dùbúlẹ̀ sáàárín ewéko ní nǹkan bí mítà márùn-ún, mo sì ń gbọ́ lílù ọkàn mi nínú ìborí, ó lọ́ra, kò kánjú. Ẹja wrasse kan wá dúró níwájú awò ojú mi, tí mo fi lè nawọ́ kàn án. N kì í pa wọ́n: wọn kì í tètè dàgbà, abo ni wọ́n sì fi ń bẹ̀rẹ̀ ayé kí díẹ̀ nínú wọn tó yí padà di akọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹja bass mẹ́ta yọ láti inú ìkùukùu omi, ẹ̀gún ẹ̀yìn wọn nà ṣánṣán.

Níbẹ̀ ni aṣọ tó móoru ti san owó rẹ̀ padà, nítorí pé ó fún mi láàyè láti ronú. Awò ojú a máa mú kí ohun gbogbo tóbi ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta ju bí ó ti rí lọ lábẹ́ omi. Òfin ní kí a má mú bass tí kò tó sẹ̀ǹtímítà 42, èyí sì túmọ̀ sí pé ẹja tó bá gùn tó 42 lójú wa kò pé rárá. Ẹni tó ń fi ìwọ̀ pẹja lè dá ẹja kékeré padà sómi. Ẹja tí ọ̀kọ̀ bá ti gún kò ní ibi tó ń padà sí. Mo jẹ́ kí méjì àkọ́kọ́ kọjá. Ẹ̀kẹta yí ẹ̀gbẹ́ sí mi, mo yìn ín. Nígbà tí a wọ̀n ọ́n ní etíkun, 51 ni. (Iye bass tí ènìyàn lè mú lóòjọ́, àti oṣù tí wọ́n fàyè gbà á, ń yí padà láti ọdún dé ọdún, kí ẹ yẹ ojú òpó ìjọba wò kí ẹ tó jáde nílé. Ẹja salmon àti sea trout ní tiwọn, òfin kò gbà kí a fi ọ̀kọ̀ kàn wọ́n rárá.)

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ àléébù rẹ̀. Èyí tó burú jù ni ẹ̀yìn ìbàdí. Wọ́n gé aṣọ yìí fún ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Èmi tí Ọlọ́run fún ní ìdí, àyè kan ṣófo níbi tí ẹ̀yìn mi ti wọnú, tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá dorí kodò láti wọlẹ̀, omi tútù á rọ́ wọ ibẹ̀, á sì gba ọ̀pá ẹ̀yìn lọ sókè bí ẹni fi yìnyín kọ nǹkan sí mi lára. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ara ń mú un mọ́ra, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀ fún pọ́n-ùn 185.

Èkejì ni ojú ìlẹ̀ abíyá apá òsì, tó ṣí ní ìgbà kẹfà. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí ilé ìtajà náà. Ọjọ́ 19 kọjá kí wọ́n tó fèsì, èsì náà sì ni pé èékánná mi ló ṣe é, pé ìyẹn kò sí nínú ohun tí àtìlẹ́yìn wọn kàn. Èékánná a máa gé neoprene ní títẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Èyí ṣí tààrà lójú gọ́ọ̀mù, bí ìgbà tí àpò ìwé bá tú. Mo kọ̀wé padà, wọn kò dáhùn mọ́. Mo ra gọ́ọ̀mù neoprene ní pọ́n-ùn mẹ́fà, mo fi kun ojú méjèèjì lẹ́ẹ̀mejì ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo dúró títí kò fi lẹ̀ mọ́ ìka mọ́, mo sì fún wọn pọ̀. Ó ti lo ìgbà mẹ́jọ lómi láti ìgbà náà, kò tíì ṣí.

Ẹni tó bá ń ti aṣọ tó fẹ́lẹ́ bọ̀ sórí èyí gbọ́dọ̀ tún ìwọ̀n òjé rẹ̀ ṣe, ìyẹn òjé tí a ń so mọ́ bẹ́líìtì kí a lè wọlẹ̀. Gáàsì inú neoprene ló ń gbé ènìyàn léfòó, ṣùgbọ́n ní mítà mẹ́wàá, ìfúnpá ti di ìlọ́po méjì ti ojú omi, gáàsì náà á sún kì, aṣọ á tín-ín-rín, ènìyàn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rì fúnra rẹ̀. Kílò mẹ́jọ ni mo kọ́kọ́ so mọ́ bẹ́líìtì, ó pọ̀ jù. Mo dín in kù sí 6.5, títí tí mo fi lè mí gbogbo afẹ́fẹ́ inú mi síta ní ojú omi tí orí mi kò sì rì. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtura lásán. Bí ènìyàn ti ń gòkè bọ̀, ìfúnpá oxygen inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ń já wálẹ̀, ó sì lè dákú ní mítà díẹ̀ sí ojú omi láìjẹ́ pé ó fura. Ẹni tí òjé rẹ̀ pọ̀ jù yóò padà sísàlẹ̀. Bẹ́líìtì onírọ́bà tí a lè fi ọwọ́ kan tú ni kí ẹ lò, kí ẹnìkejì yín sì wà lókè tó ń wò yín nígbà tí ẹ bá wà nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀lù tó ru àsíá funfun àti búlúù kí àwọn tó ń wa ọkọ̀ lè rí i.

Ní Cornwall, nínú oṣù Kẹsàn-án, tí omi wà ní nǹkan bí 17, ooru tilẹ̀ mú mi, mo sì ní láti fa ìborí kí omi lè wọlé. Ní ìparí oṣù Kẹwàá, wákàtí kan àbọ̀ ni ó gbà fún mi. N kò ní wọ̀ ọ́ wọ omi oṣù Kejì, mílímítà 7 ni ti ìgbà yẹn.

Bí mo bá tún fẹ́ rà á, irú rẹ̀ náà ni n óò rà, láti ilé ìtajà tí mo lè wọlé tọ̀ lọ, kí n wọ̀ ọ́ wò, kí n sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú dígí láti wo ẹ̀yìn ìbàdí. Mo ga ní mítà 1.78, mo sì wọn kílò 84. Àtẹ ìwọ̀n wọn ní kí n mú M, òun ni mo sì mú. L ló yẹ mí.